Òwìwí là ń sọ lókò, ajá ilé la ò ṣọ́ra fún

Ládùúgbò tí mò ń gbé n'Íbàdàn, òwìwí ò lè bà sórí páànù kí wọ́n má sọ ọ́ lókò. Ṣùgbọ́n ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí láyé ẹ̀, òun làwọn ọmọdé ń gùn lẹ́yìn, òun ni wọ́n jọ ń jẹ búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an, torí ohun tó ń bà wá lẹ́rù lọ́tọ̀, ohun tó ń pa wá lọ́tọ̀.

Òwìwí kan wá fi àjà ilé àkọ́kù ẹ̀gbẹ́ wa ṣe ibùgbé. Lóru, igbe ẹ̀ a máa dún bí ẹni ń fa aṣọ ya. Lóṣù yẹn náà ni oyún bàjẹ́ lára obìnrin kan lójúlé kejì, ó sì parí: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Làwọn ọ̀dọ́ bá kó òkúta jọ, wọ́n ní ó di dandan kí àwọn pa á.

Mo wọ inú ilé náà lọ lójú ọ̀sán. Lábẹ́ ibi tí ẹyẹ ọ̀hún ń sùn, ìṣù dúdú kéékèèké ló kún ilẹ̀, òmíràn gùn tó àtàǹpàkò. Mo fi igi tú ọ̀kan. Irun eku ló lọ́ mọ́ra wọn, egungun wẹ́wẹ́ wà láàárín ẹ̀, agbárí eku kan náà wà níbẹ̀ tí eyín iwájú ẹ̀ ò tíì yọ. Odindi ni òwìwí ń gbé eku mì. Irun àti egungun tí inú ẹ̀ ò bá lè dà, á pọ̀ ọ́ padà. Mo pọ́n díẹ̀ sínú bébà, mo gbé e lọ bá àwọn tó kó òkúta. Mo ní kí wọ́n ka agbárí tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún mi ẹni tí ì bá máa jẹ gàárì wọn ká ní òwìwí ò sí.

Ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún àwa tá a wà níhìn-ín. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní 1969, àmọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa wà lára ibi tó ti ń jà jù lónìí, ẹni tó bá sì mọ Ọ̀wọ̀ á mọ̀ pé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í sinmi aláìsàn ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Eku kan tí ọmú pọ̀ níkùn ẹ̀ ló ń gbé àrùn náà kiri. Ìtọ̀ ẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ ló ń bá oúnjẹ tá ò dé, àti gàárì tá a sá sẹ́bàá títì. Irú eku bẹ́ẹ̀ gan-an wà nínú ohun tí òwìwí ń pa jẹ. A wá ń lé ọdẹ, a ń bọ́ olè.

Eku yìí náà ló ń mú ejò wálé. Mo mọ ilé tí wọ́n ti da imí ọjọ́ yí ká, tí wọ́n da kẹrosíìnì lé e, tí paramọ́lẹ̀ ṣì wọlé, torí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sẹ́yìn ilé, ìsàlẹ̀ ẹ̀ kún fún ọmọ eku. Ọjọ́ tí wọ́n kó búlọ́ọ̀kù náà kúrò tí wọ́n sì ro oko ẹ̀yìn ilé ni wọ́n bọ́.

Ti ọmọ́ńlé ò pọ̀. Wọ́n ní tó bá já sínú ọbẹ̀, gbogbo ilé á kú. Kò ní oró lẹ́nu, kò ní lára. Ìgbẹ́ ẹ̀ ló dọ̀tí, ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru, torí náà ẹ da ọbẹ̀ tó bá já sí nù, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ fi ìgbálẹ̀ lu gbogbo èyí tó wà lára ògiri pa. Ẹ̀fọn àti aáyán ló ń bá yín jẹ. Alángbá olórí pupa tí wọ́n ní ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ náà, akọ ni. Akọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń mi orí sí pé kó má dé orí ògiri òun.

Ọ̀rọ̀ ajá ló mú mi sọ̀rọ̀ gan-an.

Ajá bàbá onílé wa gé ọmọ alájọgbé wa kan jẹ ní itan. Egungun ni ọmọ ọ̀hún fẹ́ gbà lẹ́nu ẹ̀. Ihò mẹ́rin ló dá sí i lára, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìmọ̀ràn ti kún ilẹ̀. Ẹnì kan ní ká gé nínú irun ajá náà, ká jó o, ká fi epo pupa pò ó lé ojú ọgbẹ́. Ẹlòmíì ní ká pa ajá ọ̀hún, kí ọmọ jẹ nínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Bàbá onílé ní tiwọn ní:

“Ẹ má da ara yín láàmú. Ajá ilé ni, kì í ṣe ajá ìgboro. Orí ẹ̀ pé.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú sà. Ajá yín ni lóòótọ́. Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí?”

Wọn ò fèsì. Ìyá ọmọ ló dáhùn pé látìgbà tóun ti kó wọ ilé náà, òun ò rí dókítà ẹranko kankan kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Mo gbé ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ọṣẹ ìfọṣọ lásán la lò, omi ń ṣàn lé e lórí, a fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ọmọ ń ké, ìyá ẹ̀ ń bẹ̀ mí pé ó tó. Kò tíì tó. Inú itọ́ ajá ni kòkòrò àìsàn dìgbòlugi ń gbà wọ ojú ọgbẹ́, ọṣẹ sì ń pa á. Èyí tó bá ráyè wọlé á máa gba inú iṣan ìmọ̀lára lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ọpọlọ. Ó sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà míì ọ̀sẹ̀ kan péré, nígbà míì ọdún kan. Ibẹ̀ ni epo pupa ti ń gbayì lásán: wọ́n fi sí i, ọgbẹ́ jinná, wọ́n ní ó jẹ́. Nígbà tí omi ò wá ṣeé mu fún ọmọ mọ́, tí ọ̀fun ẹ̀ ń há bó bá ti rí ife omi, kò sẹ́ni tó máa rántí ajá. Wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Ìgbà yẹn sì rèé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń kú báyìí lọ́dọọdún káàkiri ayé, ajá ló sì kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn.

“Orí ẹ̀ pé” tí bàbá wí ò fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Itọ́ ajá lè ti ní àrùn náà fún ọjọ́ mélòó kan kí àìsàn tó hàn lára ẹ̀. Gbogbo ajá dìgbòlugi kọ́ ló sì ń sáré kiri tó ń da ìfòófò lẹ́nu. Òmíràn á kàn lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò jẹ́ẹ́, ẹnu ẹ̀ á là sílẹ̀, itọ́ á máa dà, kò ní lè gbé oúnjẹ mì. Olówó ẹ̀ á rò pé egungun há a lọ́fun, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Pípa tí wọ́n fẹ́ pa ajá yẹn ló dùn mí jù. Bí àrùn bá wà nínú itọ́ ajá lọ́jọ́ tó géèyàn jẹ, àìsàn á ti hàn lára ẹ̀ tàbí kó ti kú kí ọjọ́ 10 tó pé. Ẹni tó bá pa á ti pa ẹlẹ́rìí. A so ó mọ́ ìdí máńgòrò, a ń fi igi ti abọ́ oúnjẹ sí i, a sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ibi tá a kọ́kọ́ dé, abẹ́rẹ́ ò sí ńlẹ̀. Ibi kejì la ti rí i. Wọ́n gún un lápá, wọ́n tún gún oògùn míì yí ojú ọgbẹ́ ká torí pé ihò náà jìn, nọ́ọ̀sì sì kọ ìyókù sínú káàdì: ọjọ́ 3, ọjọ́ 7, ọjọ́ 14, ọjọ́ 28. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ohun àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o. Ní 1885 ni Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé kan, ti lo irú ẹ̀ fún ọmọ ọdún 9 kan tí ajá gé jẹ, ọmọ náà sì yè.

Nígbà tí ọjọ́ 10 pé, ajá ṣì ń gbó, ó ń jẹun, ara ẹ̀ dá ṣáṣá. Dókítà wá ní a lè dá ìyókù abẹ́rẹ́ dúró. Ìyá ọmọ, tó ti ń wá ẹni tó máa yá a lówó, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Ká ní wọ́n ti fi ajá náà se ọbẹ̀, abẹ́rẹ́ márààrún ni wọn ì bá san owó ẹ̀.

Bàbá onílé fúnra wọn ló pe dókítà ẹranko lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ajá náà gba abẹ́rẹ́, ọmọ ajá tó ti pé oṣù mẹ́ta náà gbà á, ológbò ìyá alátẹ tó wà níwájú ilé náà ò gbẹ́yìn, torí ológbò lè kó o bí ajá ṣe ń kó o. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà. Ẹ tún máa fetí sílẹ̀ tó bá ti ń di 28 Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àrùn yìí. Láwọn ibì kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ajá lábẹ́rẹ́ lásìkò yẹn.

Ẹ̀yin tí ajá ti gé jẹ rí, tàbí tó gé ọmọ yín, kí ni wọ́n kọ́kọ́ fi sójú ọgbẹ́ yẹn, ta ló sì sọ pé kí wọ́n fi síbẹ̀?