Ìdáhùn: “nọ́ńbà ẹrù” àti “ọjọ́ ìparí” lára táyà píkọ́ọ̀pù

Ẹ̀yin ará ilé èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ìwé pélébé tí a fẹ́ pín fún àwọn awakọ̀ tó fẹ́ pààrọ̀ táyà píkọ́ọ̀pù: “ìbú ríìmù”, “nọ́ńbà ẹrù” àti “ọjọ́ ìparí”. Mo fara mọ́ ìbú ríìmù. Ẹ jẹ́ ká kàn fi kún un pé R inú 265/65R17, ìwọ̀n tí wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kò dúró fún ríìmù bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà ló ń sọ. 17 ni ti ríìmù: ìbú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, ní íǹṣì.

Lẹ́yìn 265/65R17 tí Hilux púpọ̀ ń lò, ẹ ó rí nǹkan bí 112S. Bí ẹ bá sọ fún dẹ́rẹ́bà tó ń kó pákí láti Ìkòyí-Ilé wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ pé 112 ni “nọ́ńbà ẹrù”, á bi yín pé ṣé kílò ni àbí àpò. 1,120 kílò ni 112 ń tọ́ka sí, fún táyà kan ṣoṣo. 100 ń tọ́ka sí 800 kílò. Ẹni tó bá yọ 112, tó fi 100 sí i torí pé owó rẹ̀ wálẹ̀ tí ríìmù sì gbà á, ti pàdánù 320 kílò lórí táyà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ pákí tó ń kó kò dín. Ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, á gbóná, á sì bẹ́. Oòrùn ọ̀sán ọ̀gbẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tún ń dá kún un.

“Gbèdéke ẹrù” ni mo dábàá. Ẹnìkan ti ní ọjọ́ nìkan là ń fún ní gbèdéke. Mi ò gbà. Àwọn ìwé ìròyìn ń kọ “gbèdéke ọjọ́ orí”, kò sì sẹ́ni tí kò yé. Ó tún bá lẹ́tà tó tẹ̀ lé 112 mu: gbèdéke eré ni S, 180 kìlómítà ní wákàtí kan, Q jẹ́ 160.

“Ọjọ́ ìparí” ló ká mi lára jù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́bàá lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, bíi 2322, ń sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022 ni wọ́n ṣe táyà náà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ pé ọjọ́ ìparí ni, ẹlòmíràn á sọ táyà gidi nù. Àwọn fọkanáísà kan ní Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè é ní “ọjọ́ ìbí táyà”, mo sì bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká mú un bẹ́ẹ̀. Ó wúlò jù fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ta tòkúnbọ̀ fún. Ìjọba ti fòfin de kíkó irú àlòkù bẹ́ẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń tà á. Ojú rẹ̀ lè dà bíi tuntun, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó, kó ti máa sán.

Ó ku àwọn ìlà ojú táyà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fòfin sọ pé jíjìn wọn kò gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 1.6, a ò sì tíì ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ìlà náà. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, kí ni àwọn fọkanáísà ọ̀dọ̀ yín ń pe àwọn ìlà yẹn?