Màmá tó ru ọta ìbọn ní Bissau

Òwò kajú ló gbé mi dé Bissau, olú-ìlú Guinea-Bissau, mo sì gba yàrá lọ́dọ̀ màmá kan nítòsí èbúté Pidjiguiti. Ọmọ Kétu ni mí, Faransé ni mo gbọ́. Màmá ò gbọ́ ọ. Ọmọ wọn tó kàwé ní Dakar ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wa lálẹ́.

Ère ẹ̀ṣẹ́ dúdú ńlá kan wà ní èbúté náà. Màmá ní ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1959 nítorí owó iṣẹ́, tí àwọn Potogí tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà náà sì da ìbọn bò wọ́n. Nǹkan bí 50 ènìyàn ló kú. Nígbà tó di 1963, PAIGC, ẹgbẹ́ Amílcar Cabral tó ń jà fún òmìnira Guinea-Bissau àti Cape Verde, gbé ìbọn.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni Cabral yìí kọ́. Ìjọba Potogí fúnra rẹ̀ ló rán an pé kó lọ ka oko ilẹ̀ náà ní 1953. Ẹ ò rí nǹkan! Owó wọn ló fi mọ abúlé dé abúlé.

Ọmọdébìnrin ni màmá nígbà tí wọ́n ń ru ọta láti ẹnubodè Guinea, orílẹ̀-èdè kejì tí Conakry jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, wọ inú igbó. Òru ni wọ́n ń rìn, àpótí lórí, nínú ẹrẹ̀ oko ìrẹsì. Mo ní ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni? Wọ́n ní ẹ̀fọn ló burú jù. Mo rẹ́rìn-ín, màmá ò bá mi rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará inú ẹgbẹ́ ló pa Cabral ní Conakry, ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1973. Titina Silá, akọni obìnrin inú ẹgbẹ́ náà, ń lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ni Potogí pa á lójú odò Farim, ní ọjọ́ 30. Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ àwọn obìnrin níbẹ̀ títí dòní. Màmá kì í lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé wọn ò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, ogun ṣì ń jà, wọ́n pàdé nínú igbó Boé, wọ́n kéde òmìnira ara wọn. Ìgbà tí ogun sú àwọn ṣọ́jà Potogí, tí wọ́n dojú ìjọba tiwọn dé ní Lisbon ní 1974, ni Potogí tó gbà. Tiwa ní Dahomey (Benin òde òní) ní 1960, ìwé la fọwọ́ sí.

Ẹni tó bá ti gbé Cape Verde níbí, ẹ jọ̀ọ́: ẹgbẹ́ kan náà ló gba òmìnira tiwọn, kí wọ́n tó pínyà lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba Bissau ní 1980. Báwo làwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́?