Ẹni tó bá ti gun four-wheeler rí, kó wá sọ tirẹ̀

Ará Houston:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ní oko màlúù lẹ́yìn Houston níbí, ibẹ̀ la ti máa ń yan ẹran jẹ nígbà ooru. Four-wheeler kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí ọ̀kadà. Ìkìlọ̀ wà lára rẹ̀ gbàgàdà: má gbé èrò, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ wà á, má gbé e gba orí títì ọlọ́dà, dé akoto. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó ti gun ọ̀kadà ní mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú àpò gàrí lórí ẹsẹ̀, ta ló fẹ́ sọ fún un pé èèyàn méjì ti pọ̀ jù?

Àna ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan sẹ́yìn. Wọ́n dé ibi gegele kan, ó tẹná sí i. Ẹni ẹ̀yìn fì sẹ́yìn, ó rọ̀ mọ́ àna wa lọ́rùn, ni táyà iwájú méjèèjì bá gbéra nílẹ̀. Ká tó pariwo, ẹ̀rọ ti dojú dé. Ọmọ yẹn ráyè fò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin ìdí ẹ̀rọ ló bá àna wa, egungun èjìká rẹ̀ kán.

Mẹkáníìkì tó wá tún un ṣe ló là mí lóye. Ìjókòó yẹn kò gùn nítorí èrò. Ẹni tó ń wà á ló ni gbogbo rẹ̀: tó bá ń gòkè, á sún síwájú, tó bá ń sọ̀, á fìdí sẹ́yìn, tó bá fẹ́ yà, á fara tẹ̀ síbi tó ń yà sí. Tí ẹlòmíì bá wá jókòó sẹ́yìn, níbo lo fẹ́ sún sí? Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni méjì wà lọ́tọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ bá wa kí àna yín o. Èmi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ mi fọwọ́ kan ti àgbà. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kadà sáré, ọwọ́ la fi ń lọ́ ọ. Eléyìí, àtàǹpàkò la fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, ṣe ni yóò dì í mú pinpin, ẹ̀rọ á sì túbọ̀ máa sáré. Ti ọmọdé ní síkírúù kékeré kan níbi ìtẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá fún un wọlé, bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní kọjá ìwọ̀n. Kẹ́hìndé ti ń wá síkírúdáífà kiri; mo ti kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́.

Ará Èkó:
Létíkun níbí, ẹni tó ń yá wa kì í béèrè ọjọ́ orí, owó ló ń béèrè. Mo ní akoto dà? Ó ní, "Ọ̀gá, iyanrìn ni, kì í dun èèyàn." Mo gba owó mi padà. Àmọ́ kí ló ṣe ọ̀dà? Ṣebí táyà ni táyà?

Ará Houston:
Rárá o. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni wọ́n ṣe é fún. Lára púpọ̀ nínú wọn, táyà ẹ̀yìn méjèèjì jọ ń yí lórí irin kan ṣoṣo ni. Nínú iyanrìn, ọ̀kan á yọ̀ díẹ̀ kó lè yà. Lórí ọ̀dà, méjèèjì á gbálẹ̀ mú, ẹ ó máa yí ọwọ́, kò ní dá yín lóhùn. Tí ẹ bá wá fi agídí yí i nígbà tó ń sáré, ó lè dojú dé.