Ṣé pínpín ni, àbí ìgbékárí? Lórí ohun tó yẹ ká máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń gbé fíìmù dé ọ̀dọ̀ ará ìlú

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé lórí ìbéèrè àbúrò wa obìnrin tó ń bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ níbí ní Ìbàdàn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: wọ́n ní kó túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé fíìmù lọ hàn ní àdúgbò, fíìmù lórí ìdọ̀tí, lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, lórí dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin. Ó túmọ̀ àkọlé rẹ̀ sí "Pínpín fíìmù gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ fún ìyípadà àwùjọ", ó wá ní kò dùn mọ́ òun lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní Mọníyà ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó ti yé èèyàn. Bàbá wa ní "ìtànkálẹ̀" ló dáa jù. Ẹlòmíràn ní ká kúkú fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "distribution", ká má da ara wa láàmú.

Èmi gbà pé ó yẹ ká da ara wa láàmú díẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ tó máa ka ìwé yẹn, ohun tí ìwé bá pe iṣẹ́ wọn ni wọ́n máa ṣe. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé pínpín ni, wọ́n á pín in, wọ́n á ká aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á sì máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo "pín" fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá pín ń dín kù. Ẹran Iléyá, ogún bàbá, ìrẹsì tí àwọn òṣèlú ń há nígbà ìbò: ẹni tó bá ti gba tirẹ̀ ti gbé e lọ sílé, ẹni tó kù ń wo ìsàlẹ̀ abọ́. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí igba èèyàn bá wò ó ní Ọ̀jẹ́ lálẹ́ òní, odindi rẹ̀ náà ló máa dé Mọ́kọ́lá lọ́la. Ohun kejì tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tó ń pín nǹkan ló ga, ẹni tó ń gbà á ló ń dúpẹ́. Ará àdúgbò tó fi alẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé, kò gba ìpín kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti "ìtànkálẹ̀" ńkọ́? Bàbá, mo kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àrùn ló ń tàn kálẹ̀. Iná ń ràn, ó ń tàn kálẹ̀. Àhesọ náà ń tàn kálẹ̀. Ohun tó tàn kálẹ̀, a kì í rí ọwọ́ tó gbé e. Ọwọ́ èèyàn sì ni gbogbo iṣẹ́ tí à ń sọ yìí: ọwọ́ tó gbé jẹnẹrétọ̀ gun òkè Mápó, ọwọ́ tó so aṣọ mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ lọ kí mọ́gàjí, olórí agbo ilé, ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Kí wá ni àwọn tó ń fi fíìmù jẹun ń sọ? Kí a tó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ́tí sí wọn. Máàkẹ́tà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń gbé e sọ́jà, ní Ìdúmọ̀tà títí dé ibí. Bí fíìmù bá sì jáde, gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n máa ń kígbe: "Ó ti wà nígboro báyìí!" Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo tiẹ̀ ti fẹ́ dábàá "ìgbésígboro" kí n tó rántí ibi tí mo ń gbé. Ní Ìbàdàn, ìgboro ní ẹnìkejì. Ẹni tó ní ilé nígboro ní oko lẹ́yìn odi, àwọn tó wà lóko ló sì máa ń gbẹ̀yìn nínú gbogbo nǹkan. Fíìmù tó wà nígboro kò tíì dé Àkànrán. Nǹkan tó yẹ kí ìwé yìí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni pé kí wọ́n má ṣe dúró sí ìgboro.

"Ìgbékiri" ló tún wá sí mi lọ́kàn, ó sì ní ìtàn lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn òṣèré wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù ní nǹkan bí ọdún 1976 sókè, ẹ̀dà tí wọ́n ń rí ṣe kò pọ̀, owó rẹ̀ ga. Wọn kì í fi í sílẹ̀ fún onílé sinimá kó máa bá wọn kówó. Wọ́n ń gbé e kiri fúnra wọn ni, láti gbọ̀ngàn dé ilé ìwé, bí àwọn aláàrìnjó ṣe ń gbé eré wọn kiri tẹ́lẹ̀. Hubert Ògúndé ti mọ ọ̀nà yẹn kó tó bọ́ sídìí fíìmù. Lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú, 1966 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò, lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba. Ẹ fara balẹ̀ wo òfin yẹn. Wọn kò ní kí Ògúndé má kọ eré. Wọ́n ní kó má ṣe é káàkiri ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn tó wà lórí àga mọ̀ pé gbígbé e kiri ni agbára wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà kí a fi ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́mìí pe iṣẹ́ yẹn.

Síbẹ̀ "kiri" ní àbùkù tirẹ̀. Ẹni tó ń kiri ọjà ń kọjá lọ ni. Bó bá rí oníbàárà, ó sọ̀. Bí kò bá rí, ó ré kọjá.

Mo fẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn baba wa ti fi dáhùn ìbéèrè yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wa. Lọ́dún 1939, ìjọba àmúnisìn gbé rédíò oníwáyà wá sí Ìbàdàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e dé Èkó ní 1935. Àpótí kékeré kan ni, wáyà ló so ó mọ́ ilé iṣẹ́ wọn. O kò lè yí i sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá gbé sórí wáyà, tó jẹ́ pé láti London ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ni wàá gbọ́. Orúkọ tí ìjọba sọ iṣẹ́ náà ni Radio Distribution Service. Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ tí a ń bá jà gan-an ló wà láàárín orúkọ yẹn. Àwọn baba wa kò túmọ̀ rẹ̀ sí pínpín, wọn kò sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìtànkálẹ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n wo ohun tó ń ṣe, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì.

Ọdún 1939 yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka sinimá wọn sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, tí ọkọ̀ wọn fi ń gbé àwòrán wọ abúlé lálẹ́ lórí ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ogun. Àwọn Hausa ń pè é ní majigi títí dòní. Ó wúlò, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n asọ̀rọ̀mágbèsì ni òun náà, àwòrán ló kàn fi kún un. Ìjọba wá, ó wí tirẹ̀, ọkọ̀ gbéra.

Mo tẹ̀ lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àbúrò wa lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, sí agbo ilé kan tí kò jìnnà sí odò. Fíìmù ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n gbé wá, lórí dída ìdọ̀tí sójú omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Ìbàdàn mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún wa: omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, àti ti 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Nígbà tí fíìmù parí, tí àwọn ọmọ ti ń ká wáyà, màmá àgbà kan dìde. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti fi ibi tí a ò gbọ́dọ̀ dà á sí hàn wá. Ibo ni ká wá dà á sí?" Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Inú fíìmù ni garawa ńlá tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí wà, kò sí ní àdúgbò yẹn. Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan ní àwọn ti ń sanwó ilẹ̀ kíkó fún oníkẹ̀kẹ́ kan tẹ́lẹ̀ kó tó dẹ́kun wíwá. Àwọn obìnrin tó ń tajà létí ọ̀nà ní ìdọ̀tí ọjà ló ń ṣàn wá bá àwọn ará ilé. Ohun tó jẹ́ ìṣẹ́jú méjìlá di ohun tó ju wákàtí kan lọ, títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀. Mọ́gàjí wá ní òun á mú èèyàn mẹ́ta lọ sí káńsù.

Lójú tèmi, ìgbà tí màmá yẹn la ẹnu ni iṣẹ́ tí a ń wá orúkọ fún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti ń ṣe é níbòmíràn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, láti 2001 ni ẹgbẹ́ Cinéma Numérique Ambulant ti ń gbé sinimá lọ sí abúlé tí kò ní iná, tí wọ́n sì ń jókòó bá ará abúlé sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n wò. Ní Lesotho, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ní kòkòrò HIV tẹ̀ lé fíìmù lọ sí orí òkè àti abúlé, wọ́n sì dúró níwájú èrò kí wọ́n bi wọ́n ní ohunkóhun, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ kò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ ní gbangba rí. Ousmane Sembène ará Senegal, tó ti ń kọ ìwé ìtàn kó tó di oníṣẹ́ sinimá, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ló máa ń pe sinimá. Nílé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ń nawọ́.

Ohun tí mo dábàá nìyí o. Dípò pínpín, ká sọ pé "ìgbékárí". "Ó kárí" la máa ń sọ bí oúnjẹ bá dé ọwọ́ gbogbo àwo, "kò kárí" la sì ń sọ bí ẹnì kan bá ṣì ń wò. Ọ̀rọ̀ náà á máa bi àwọn ọmọ yẹn léèrè fúnra rẹ̀: ta ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ṣé Àkànrán ti rí i? Ṣé ẹni tí kò ní dátà tó lè fi wò ó lórí YouTube ti rí i? Ẹni tó ń ṣe é á jẹ́ agbékárí. Ẹ jẹ́ kí máàkẹ́tà máa jẹ́ máàkẹ́tà, ọjà ni tirẹ̀. Bí bàbá wa bá ní "ìpínkárí" náà wà, mo gbà pé ó wà, kárí ló ṣáà ṣe pàtàkì jù, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba "pín" yẹn kúrò.

Ìjókòó tí a bá ti wò ó pọ̀, ká pè é ní "àjọwò". Nígbà tí fídíò dé, a ní "sinimá àgbéléwò", ọ̀rọ̀ tó kó gbogbo wa kúrò ní gbọ̀ngàn wọ pálọ̀. Àjọwò á tún mú wa jáde síta. Ẹni tó ń darí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, atọ́kùn ni. A ti ń lò ó fún ètò orí rédíò, ẹni tó sì ti rí egúngún lójúde mọ̀ pé atọ́kùn kì í fi eégún sílẹ̀ sáàárín èrò kó lọ sílé.

Ti "irinṣẹ́", kíákíá: ẹ yọ ọ́. Káfíńtà ń fi irinṣẹ́ gbẹ́ igi. Ta ni igi níbí? Màmá tó béèrè ìbéèrè yẹn ni? "Fún" nìkan tó. "Ìyípadà àwùjọ" kò burú, kò kàn sí ẹni tó ń sọ ọ́ lójúde ni. Ayé lè yí padà sí burúkú pẹ̀lú. Tún ìlú ṣe la ń sọ, ẹgbẹ́ atúnlùúṣe sì wà ní àdúgbò gbogbo. Nítorí náà, àbúrò mi, àkọlé tí mo bá kọ rèé: "Ìgbékárí fíìmù fún ìtúnlùúṣe".

Ohun kan ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún fíìmù tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí kò sí ìjókòó, tí kò sí atọ́kùn, tí èsì sì ń wá ní ohùn ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù. Ìgbékárí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjọwò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, kí ni àwọn èèyàn yín ń pè é?