Abẹ́rẹ́ ìdènà sídà ẹlẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ìgbà wo ló máa dé Kétu?

Ìyá Ìbejì, Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àwọn ọmọ mi ń wa àjàgbé láti Kútọnu lọ sí Malanville, ó sì máa ń pẹ́ lọ́nà. Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ tí mo bá dárúkọ kápótì (kọ́ńdọ́ọ̀mù) báyìí, ìjà dé: "Ta lo lọ bá sùn?" Ẹ gbọ́ ẹni tó ń bèèrè! Rédíò ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ lenacapavir, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, sábẹ́ awọ ikùn. Èèyàn á gbà á, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Wọ́n ní Eswatini àti Zambia ló ti kọ́kọ́ dé, ní oṣù kọkànlá 2025. Àwa ńkọ́? Àbí a ò tíì kú tó ni?

Agbẹ̀bí, Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ní Eswatini, nínú àgbàlagbà 4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé 1 ti ní kòkòrò sídà; ní Benin níbí, kò tó 1 nínú 100. Ibi tí iná ti ń jó jù ni wọ́n kọ́kọ́ bomi sí. Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ o: nínú obìnrin 2,134 tó gbà á nínú ìwádìí kan ní South Africa àti Uganda, kò sí ẹyọ kan tó kó o. Owó ni wàhálà. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 28,000 dọ́là lọ́dún, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ India kan ti gbà láti máa ta irú rẹ̀ ní 40 dọ́là fún ọdún kan, láti 2027. Ẹ má jókòó dè é. PrEP oníhóró wà, ìyẹn oògùn tí ẹni tí kò ní sídà ń lò kó má bàa kó o; ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ẹ bèèrè rẹ̀ níbi tí ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì: Ìgò tó ń dún ṣàkàṣàkà nínú báàgì yẹn? Bí ìyá ọkọ mi bá rí i, á ní mo ti kó àrùn. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti dé gbogbo ọjà.

Awakọ̀, Ṣábẹ̀ẹ́: Gbogbo awakọ̀ kọ́ ló ń ṣe ìṣekúṣe o! (Àwọn kan nínú wa ń ṣe é, mo gbà.) Ìyá Ìbejì, kí bàbá àwọn ọmọ yín náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá tiẹ̀ ní in, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí wọn ò fi rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní kó o ràn yín. Parakou lèmi ti ṣe tèmi, kò pẹ́ rárá.

Agbẹ̀bí, Àjàṣẹ́: Ẹ ki òwú sínú ìgò náà, kò ní dún mọ́. Ẹ má dà á sínú ike mìíràn, ọ̀rinrin á bà á jẹ́. PrEP kò sì dí àtọ̀sí lọ́nà, kápótì ṣì ní iṣẹ́ tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Òwú wà nílé. Bàbá awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi sọ ti àyẹ̀wò yẹn fún un. Bó bá ti ẹnu mi jáde, ìjà ni.