Ọmọ mi ń bọ́ kọ́mú pa mọ́ sínú báàgì ilé-ìwé. Irú èwo ni kí n rà fún un?

Ìyá Àríkẹ́ béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ìyá. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ níbi iṣẹ́, torí ọkùnrin ló pọ̀ jù lọ́fíìsì wa.

Àkọ́bí mi obìnrin máa pé ọmọ ọdún 13 lóṣù tó ń bọ̀. JSS2 ló wà. Ó ti tó ọdún kan tí ọmú ti ń yọ lára rẹ̀, mo rí i, mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ ilé-ìwé. Ìgbà tí mo wá rí i pé súẹ́tà kì í kúrò lára ọmọ mọ́, nínú oòrùn Ọ̀yọ́ yìí, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Mo gba ọjà Akẹ̀sán lọ. Oníkọ́mú ní, "Ọmọ ọdún mélòó?" Mo ní méjìlá ń lọ sí mẹ́tàlá. Ó wo àyà èmi ìyá, ó wo ojú mi, ó di mẹ́ta fún mi: dúdú kan, funfun kan, àti ọ̀kan tí léèsì rẹ̀ le gbandi. 34B ni gbogbo wọn. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi délé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni bírò tú sínú báàgì rẹ̀. Mo ń kó ìwé jáde kí n lè fọ báàgì, ni mo bá kan kọ́mú funfun nísàlẹ̀, ó ti di àdìrẹ. Àṣé ó ń wọ̀ ọ́ jáde nílé ni, tó bá dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé, á bọ́ ọ. Mo bínú, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Ó kàn ń wolẹ̀ ni. Alẹ́ ló tó fi èjìká hàn mí. Ojú okùn méjèèjì ti pọ́n, ibì kan ti bó. Ó ní tí òun bá nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, gbogbo rẹ̀ á gòkè wá sọ́rùn, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn á bú sẹ́rìn-ín. Kì í nawọ́ mọ́. Ọmọ tó máa ń gba ipò kejì!

Ṣé èyí tí mo rà kéré ni, àbí ó tóbi? Lójú tèmi, bí okùn ṣe ń ge èjìká yẹn, ó kéré ni. Àwọn kan tiẹ̀ ní kí n ra 36, kó lè dàgbà bá a.

Ohun kan tún wà. Ọmú ọwọ́ òsì rẹ̀ tóbi ju ti ọ̀tún lọ díẹ̀. Ó ń bà á lẹ́rù. Mo sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, àmọ́ ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Àgbà Ìjẹ̀bú:

Ọmọ ọdún méjìlá, kọ́mú! Ta ló fi téèpù wọn àyà àwọn ìyá wa? Ẹ ra ṣìmí fún un, kó máa lọ. Kọ́mú yìí ló ń jẹ́ kí ọmú tètè tóbi lára ọmọ.

Oníkọ́mú Gbági:

Àgbà Ìjẹ̀bú, ẹ kú ìṣọ́ àṣà. Ṣé ẹ rántí pé àwọn ìyá wa yẹn a máa ró aṣọ mọ́ àyà típẹ́típẹ́? Iṣẹ́ kọ́mú ni aṣọ yẹn ń ṣe. Kọ́mú kì í mú ọmú yọ, kì í sì í dá a dúró. Tó bá ti tó àkókò, á yọ, bó wọ kọ́mú, bí kò wọ kọ́mú.

Ìyá Àríkẹ́, ẹ má bínú sí oníkọ́mú yẹn jù. Ọdún 19 nìyí tí mo ti ń ta kọ́mú ní Gbági Tuntun, ohun tó ṣe fún yín ni èmi náà ń ṣe fún èèyàn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. 34B ló máa ń pọ̀ jù nínú pálí wa, òun náà la sì máa ń fẹ́ kó tètè tán.

Èyí tí ẹ rà tóbi. Kò kéré rárá. Ohun tó ṣì yín lọ́nà náà ló ń ṣi gbogbo èèyàn lọ́nà, pé ẹ rí i tí okùn ń ge èjìká. Okùn èjìká kọ́ ló ń gbé ọmú. Èyí tó yí ara ká lábẹ́ ọmú, tí ìkọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń gbé e. Èmi, ọ̀já ni mo máa ń pè é fún àwọn oníbàárà mi, torí ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí máa tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ọ̀já ò bá dì dáadáa lábẹ́ ìdí ọmọ, ọmọ á máa yọ̀ wálẹ̀, ìwọ á wá máa fi èjìká fa aṣọ sókè, kó tó dalẹ́, ọrùn ti wọ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́mú. Ọ̀já 34 fẹ̀ jù fún ọmọ yín, kò rí ibi dì mú, ló bá ń gun ẹ̀yìn lọ. Ọmọ wá fa okùn le kó lè dúró. Èjìká ló jìyà ẹ̀.

Ẹ lọ yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ. Ti aránṣọ o, kì í ṣe ti káfíńtà, mo ti rí ẹni tó gbé ti káfíńtà wá. Kí ọmọ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó di téèpù mú fúnra rẹ̀, kí ẹ̀yin máa ka nọ́ńbà. Ọmọ ọjọ́ orí yẹn kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun, kódà ìyá rẹ̀. Abẹ́ ọmú ni kó kọ́kọ́ wọ̀n, kó mí síta, kí téèpù lẹ̀ mọ́ ara. Lẹ́yìn náà, kó wọn ibi tí ọmú yọ jù, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ fún. Ti abẹ́ yẹn ló máa sọ nọ́ńbà ọ̀já. Tó bá jẹ́ íǹṣì 29, 30 lẹ máa mú, torí méjì méjì ni wọ́n fi ń lọ. Ẹ wá yọ 30 yẹn kúrò nínú ti òkè, ìyẹn ló máa sọ lẹ́tà kọ́ọ̀pù, ibi tí ọmú ń wọ̀. Tó bá ku íǹṣì kan, A ni. Méjì, B. Mẹ́ta, C. Mẹ́rin, D.

Ibi tó ń da àwọn oníbàárà mi láàmú rèé: B ara 34 kì í ṣe ẹgbẹ́ B ara 30. Kọ́ọ̀pù máa ń tóbi bí ọ̀já bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni. Kọ́ọ̀pù 30B àti ti 32A, ọ̀kan náà ni. Torí náà tí ẹ bá wá 30B tì, tí ẹ rí 32A, ẹ mú un, kí aránṣọ gbà á wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ máa wá a tì lóòótọ́, ọjà wa kì í sábà ní ohun tó kéré sí 32, bí ẹni pé ọmọdé ò sí nílùú.

Tó bá jẹ́ ọjà tó gba Kútọnu wọlé, nọ́ńbà ara rẹ̀ lè dẹ́rù bà yín. Ẹ máa rí 75, ẹ máa rí 90. 34 wa yìí náà ni méjèèjì. 70 àti 85 ni 32. 65 àti 80 ni 30. Obìnrin kan dá ọjà padà fún mi tìbínútìbínú lọ́dún tó kọjá: "Ẹ ta 90 fún mi, ṣé erin ni mí?"

Tó bá wọ̀ ọ́, kó fi ìkọ́ sí ihò tó jìnnà jù lọ, èyí tó tú jù. Rọ́bà á máa rọ bí ẹ bá ṣe ń fọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ló máa wá máa bọ́ sí ihò inú. Ìka méjì ni kó wọ abẹ́ ọ̀já, ìka méjì lábẹ́ okùn. Kó wá nawọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè tíṣà. Tí ọ̀já bá kúrò lójú kan, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ẹ má ra oníwáyà fún un, ẹ má sì ra olófóòmù tó nípọn. Aṣọ òwú ni kó jẹ́, pàápàá ibi tó kan ara, torí ooru. Léèsì yẹn á máa yún un. Tí bùláòsì ilé-ìwé wọn bá jẹ́ funfun, ẹ má ra kọ́mú funfun, ó máa ń hàn ketekete. Èyí tó sún mọ́ àwọ̀ ara rẹ̀ ni kò ní hàn.

Ti 36 tí wọ́n ní kó dàgbà bá yẹn, bàtà ni wọ́n ń rà bẹ́ẹ̀. Bàtà náà sì rèé, ọmọ ń fi í ṣubú.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:

Màmá Gbági ti sọ tán, ti ọwọ́ òsì yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Kì í ṣe àìsàn. Ọ̀kan sábà máa ń ṣáájú èkejì yọ, èkejì á sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kódà nínú àwa àgbà, ẹni tí méjèèjì rẹ̀ dọ́gba géérégé ṣọ̀wọ́n. Èyí tó tóbi ni kí ẹ fi ra kọ́mú. Tó bá sọ pé kókó kan wà lábẹ́ orí ọmú tó ń dùn ún tí nǹkan bá gbá a, ìdàgbà náà ni. Èyí tó yẹ kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ni kí ibì kan pọ́n kó sì gbóná, kí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún máa jáde lórí ọmú, tàbí kókó tó ń tóbi sí i.

Mo tún fẹ́ yára sọ èyí kí ẹnì kan tó wá sọ ọ́: kọ́mú kì í fa jẹjẹrẹ. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí obìnrin tó lé ní 1,500 tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró. Wọ́n bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kọ́mú, wákàtí mélòó lójúmọ́, bóyá oníwáyà ni. Kò sí ìkankan tó bá jẹjẹrẹ tan.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí kì í nà mọ́ yẹn dùn mí. Àwọn kan ní University of Portsmouth, ní Ìlú Ọba, bi ọmọbìnrin 2,089 léèrè, láti ọmọ ọdún 11 dé 18, èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí 46 ló ní ọ̀rọ̀ ọmú ń dí òun lọ́wọ́ nínú eré ìdárayá níléèwé. Síbẹ̀, ó ju ìdajì wọn lọ tí kì í wọ kọ́mú eré ìdárayá. Tí ọmọ yín bá ń sáré, ẹ ra ọ̀kan sí i, irú èyí tí wọ́n ń bọ̀ lórí bí síńgílẹ́ẹ̀tì, tó fún ju ti ojoojúmọ́ lọ.

Bàbá Ìbejì:

Ọkùnrin ni mí o, mo kàn yà wò ni. Ìyàwó mi ti wà lókè òkun láti ọdún kan àbọ̀, àwọn ọmọbìnrin méjì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti da ohun tí Màmá Gbági kọ yìí kọ sínú ìwé. Ìbéèrè kan ṣoṣo: fífọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Mi ò rí tiwọn lórí okùn rí.

Oníkọ́mú Gbági:

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Ẹ ò lè rí i lórí okùn, torí abẹ́ táwẹ́lì ni wọ́n ń sá a sí, tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ojú ń tì wọ́n. Kì í gbẹ tán níbẹ̀, á máa rùn, wọ́n á tún gbé e wọ̀, abẹ́ ọmú á wá sú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ẹ so okùn kékeré kan fún wọn nínú yàrá wọn níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ẹ má sì bá wọn sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n má fún un bí aṣọ ìnulẹ̀, kí wọ́n má da nǹkan tó ń bó aṣọ sí i, kí wọ́n má sá a sóòrùn. Oòrùn ló ń pa rọ́bà. Mẹ́ta mẹ́ta lẹ máa rà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òkìrìkà, ẹ fa ọ̀já rẹ̀ kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀. Tí kò bá tètè sáré padà, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá Àríkẹ́:

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. A ti wọ̀n ọ́n. 29 lábẹ́, 32 lókè. Nígbà tí mo yọ 30 kúrò, méjì ló kù. Mo ti fẹ́ ra 36 o!

Mo yí Akẹ̀sán po, kò sí 30B. Mo rí 32A méjì, ₦2,800 ọ̀kan, aláwọ̀ búráùn. Aránṣọ àdúgbò gbà á wọlé. Ó wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta, mo ń gbọ́ tó ń fò gìdìgìdì nínú yàrá. Ó wá ṣílẹ̀kùn, ó nawọ́ sókè, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bi mí ní ìbéèrè." Mo ní kí ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò tiẹ̀ dáhùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò nínú dígí.

Mọ́ńdè, ó wọ súẹ́tà lọ. Túsìdeè, ó so ó mọ́ ìdí. Mi ò sọ nǹkan kan.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní kò sí wàhálà, àmọ́ ó ní kí n má mú òun dání lọ síwájú oníkọ́mú kankan tí ọkùnrin bá wà nítòsí.

Màmá, ṣé 30B wà lọ́wọ́ yín ní Gbági? A ń bọ̀ n'Íbàdàn ní Sátidé fún ìkómọ. Kọ́mú eré ìdárayá náà ńkọ́?

Oníkọ́mú Gbági:

Ó ku méjì, mo ti yọ wọ́n sọ́tọ̀. Ti eré ìdárayá wà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ wò kó tó gbé e lọ. Mo ní kọ́tìnnì lẹ́yìn ìsọ̀, ọmọ mi obìnrin ló sì máa dá a lóhùn. Ẹ dé kó tó di aago mẹ́rin, mò ń lọ òde lẹ́yìn ìyẹn. Kẹ́ ẹ sì mú téèpù yẹn dání, tèmi ti já.