Ta ló ti bá wọn gbin igi ẹ̀gbà létí omi? Ẹ sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìlàjẹ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ní etíkun wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun ò fi bò mọ́ pé ilé wa lòun ń bọ̀ wá gbà. Ẹni tó bá dé Ayétòrò rí á mọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn nígbà tí àwọn kan wá láti ìgboro pé àwọn fẹ́ gbin ẹ̀gbà, igi inú omi oníyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ ń nà síta bí ẹsẹ̀ akàn. Wọ́n ní iwájú òkun gan-an ni ká gbìn ín sí. Bàbá kan tó ń dẹ igere bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti rí ẹ̀gbà níbẹ̀ rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wọkọ̀, ó di gbére. Kí oṣù tó parí, ìgbì ti kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Lóòótọ́, gbòǹgbò ẹ̀gbà ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì, ó sì ń di ẹrẹ̀ mú, àmọ́ ibi tí omi ti rọra ń kún tó sì ń fà ló ti ń hù. Èyí táwọn obìnrin apakàn gbìn sẹ́yìn, lẹ́bàá odò kékeré, ló yè. Orí igi ni èso rẹ̀ ti máa ń hù kó tó já. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ tó ṣóńṣó bọ ẹrẹ̀, ó tán. Ìṣáwùrú ti ń gun tiwọn báyìí. Ọ̀pẹ inú omi kan tí wọ́n ń pè ní "nypa", tí wọ́n kó wá sí Calabar láti Singapore ní 1906, ló kù tó ń fún un lọ́rùn. Ẹ máa tu ú o.

Ará Kútọnu: Ìyá ìyàwó mi ń se iyọ̀ ní Djègbadji, lẹ́yìn Ouidah. Wọ́n á fi omi sẹ́ erùpẹ̀ oníyọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá se omi yẹn títí á fi gbẹ. Igi ẹ̀gbà ni wọ́n fi ń dáná sí i. Bí ẹ bá ní kí wọ́n má gé e, kí ni wọ́n á fi dáná? Ẹni tí ò bá dáhùn ìyẹn, kó má wulẹ̀ gbin nǹkan kan. Ní Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti wọ òkun, Zángbétò, egúngún òru àwọn Ògù, ni wọ́n fi ń ṣọ́ igi ẹ̀gbà. Òfin ìjọba wà, ṣùgbọ́n ta ló máa yọ àdá níwájú Zángbétò?

Àbíkẹ́: Ọ̀gá mi mú wa dé Gazi ní Kenya, níbi iṣẹ́ Mikoko Pamoja, tí ará ìlú fi ń tọ́jú ẹ̀gbà. Ní 2013 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ará ìlú sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun nítorí kábọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ inú èéfín tó ń mú ayé gbóná, tí ẹ̀gbà wọn ń gbé mì. Owó yẹn ni wọ́n fi ń fa omi ẹ̀rọ, tí wọ́n fi ń ra ìwé fáwọn ọmọ iléèwé. Ẹ̀yin Ìlàjẹ, kí ló kàn yín?

Ọmọ Ìlàjẹ: Búrẹ́dì àti mínírà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá fẹ́ èso ẹ̀gbà kó tètè sọ, ó ti ń já báyìí.